Ẹyẹ Tí Mo So Mọ́ Etí Oko Àlí

Ẹ gbé awò tẹ́ ẹ fi ń wo ẹyẹ kalẹ̀, gbogbo yín, ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ wá láti Lọ́kọ́jà, àti ẹ̀yin àgbà ìlú tẹ́ ẹ jókòó sórí àga ike níbẹ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí lórí igi, kò sì sí nínú omi. Ọdọọdún lẹ máa ń gbé mi dìde níbí lẹ́yìn tí a bá ti wo ẹyẹ tán, tẹ́ ẹ ó ní kí Baba Ṣùháíbù sọ ìtàn bí Àlí ṣe pa ẹyẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Màá húkọ́ díẹ̀, màá sọ ọ́, ẹ ó pàtẹ́wọ́, Màmá Florence á sì fi aṣọ nu ojú. Irọ́ ni ìtàn yẹn. Èmi ni mo pa irọ́ náà, èmi náà ni mo ń bu iyọ̀ sí i lọ́dọọdún kó lè máa dùn lẹ́nu yín. Lónìí màá sọ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè máa lọ sídìí ọkọ̀, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dúró.

Ẹ má sì rò pé àìsàn ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, kídìnrín mi ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, dókítà tó wà ní Kàbà sì ti pe ọmọ mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sọ ohun tí kò lè sọ lójú mi fún un. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pa irọ́ mi nìṣó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ló mú mi. À ń rìn bọ̀ létí odò, lékeléke wà lórí iyanrìn, àwọn ọmọ iléèwé tò tẹ̀lé tíṣà wọn. Ọmọ kan yọ kànnàkànnà lápò, ó fẹ́ ta á mọ́ àdàbà kan. Tíṣà náà kò pariwo, kò tilẹ̀ bojú jẹ́. Ó kàn ní, "Dá a padà sápò. Má ṣe Àlí níbí." Bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ ládùúgbò yìí náà ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ojú sí omi, kò yíjú padà títí a fi kọjá ibẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ọmọ ẹni tí tíṣà yẹn í ṣe. Rùmáísà ni, ọmọ Àlí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá kọ́ni níbí. Ẹ ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ bú àwọn ọmọ aláìgbọràn títí tó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tí ọmọ tó bí náà fi ń lò ó. Mo gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, Benjamin sáré dì mí mú, mo ní òkúta ni mo fi ẹsẹ̀ kọ. Òkúta kankan kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé mi ò ní pa irọ́ kan kí n má tún pa òmíràn tì í.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé wa, torí àwọn àlejò. Àbúrò mi ni Àlí. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá wa, ó sì máa ń fi àtè mú ẹyẹ. Oje igi ọdán ni wọ́n fi ń ṣe àtè. Wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á fi epo pò ó, wọ́n á wá fi kun igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹyẹ tó bá bà lé igi náà, ibẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ títí tí onítọ̀hún á fi wá mú un. Ní gbogbo etí odò yìí, láti ibí dé àwọn abúlé Bùnù tó wà lókè, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é mọ́ àyàfi àwa ọmọ bàbá wa méjì. Èmi àti Àlí nìkan ló kọ́ nínú ilé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló wá kó bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá wa dùbúlẹ̀, Kàdúná ni mo wà, mò ń wa ọkọ̀ ẹrù. Mo ń ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀, mi ò wá. Àlí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, òun ló ń fi ṣíbí bu ọ̀gì sí i lẹ́nu. Kí bàbá tó kú, ó pín ilẹ̀. Ó fún Àlí ní fàdámà, ilẹ̀ ọlọ́rinrin etí odò tí a wà yìí, níbi tí ìrẹsì ti ń ṣe dáadáa lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, ó fún mi ní apá òkè odò, ilẹ̀ olókùúta tí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ ju koríko àti ibú kan lọ. Mo ti Kàdúná dé pẹ̀lú fìlà gíga lórí, òkúta ni mo bá. Mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé inú mi ti rọ̀ sí i, torí ìjẹ́wọ́ ni mo wá ṣe.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé Àlí kò bá mi jà rí. Tó bá ti kórè, á gbé odindi àpò ìrẹsì kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á dọ̀bálẹ̀, á kí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ okun o," á sì dúró títí màá fi dáhùn. Ìyàwó mi á gbé ìrẹsì náà wọlé, á sè é, kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Inú ilẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ tèmi ni wọ́n ti wá ń bu tèmi fún mi. Ká ní ó tilẹ̀ gbó mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ara ì bá tù mí. Ìwà rere rẹ̀ ni mi ò lè fara dà, ẹ ò rí i pé èèyàn burúkú ni mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Nínú ibú tó wà lórí ilẹ̀ mi, àwọn igi ńlá tẹ orí ba, ẹ̀ka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Abẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn ni ẹyẹ kan ń gbé pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú pẹ̀lú tó-tò-tó funfun. Ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n kì í jáde sójú táútáú rárá. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ èèyàn, á ti wọ abẹ́ igi lọ. Onítìjú ni bàbá wa ń pè é. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ní etí oko Àlí tí ẹ ń wò yìí, kò gbé ibẹ̀ rí, kódà fún wákàtí kan.

Ọdún tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni Màmá Florence àti Benjamin kọ́kọ́ wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹ̀gbẹ̀ ni Màmá, Benjamin sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ. Wọ́n lọ bá Baálẹ̀ wa, Baálẹ̀ Ọlánípẹ̀kun tó jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn ń wá etí odò kan tí àwọn èèyàn á fi sílẹ̀ fún ẹyẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ ebè síbẹ̀, tí wọn ò sì ní wa iyanrìn níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní ibi tí àwọn bá ti rí i ni àwọn máa fẹ́. Baálẹ̀ fa etí odò náà lé wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ìlú kó tó mọ oko ẹni tó máa jẹ́. Èmi ni wọ́n wá ní kí n mú wọn kiri, torí wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó mọ ẹyẹ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè dé ibú mi, ilẹ̀ mi ti lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wa iyanrìn ti ń wá bá mi sọ̀rọ̀ lórí ibẹ̀. Mo jókòó síta, mo ń ronú. Bí mo ṣe ń ronú ni ẹ̀rù náà ń kúrò, tí inú mi ń dùn, torí mo ti rí bí wọ́n ṣe máa gba ilẹ̀ ẹlòmíràn dípò tèmi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èṣù kọ́, ayé kọ́, èmi ni.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìwoyẹ, mo gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé ìdáná, mo se àtè. Ìyàwó mi béèrè ohun tí mò ń sè, mo ní oògùn orúnkún ni. Nírọ̀lẹ́ mo lọ síbi ibú, mo ri igi àtè mọ́ gbòǹgbò tí Onítìjú máa ń gùn tó bá fẹ́ sùn. Kò pẹ́ rárá. Abo ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wọ inú omi, mo di ìyẹ́ rẹ̀ mú, mo fi epo pupa nu àtè náà kúrò lára rẹ̀ bí bàbá wa ṣe kọ́ wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, díẹ̀ kù lábẹ́ apá. Akọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ yí mi po. Ẹyẹ tó máa ń sá fún òjìji ara rẹ̀ nìyẹn o, kò sá lọ, ó ń yí mi ká títí mo fi gun òkè. Mo rí i, mo rí i kedere, mo sì fi aṣọ bo agbọ̀n tí mo gbé abo náà sí, mo bá tèmi lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti so ó mọ́ gbòǹgbò igi kan létí oko Àlí. Okùn ìwọ̀ tí àwọn apẹja ń lò ni mo fi so ó lẹ́sẹ̀, èyí tí ojú kì í rí nínú omi. Mo fún un láyè tó lè fi lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, kò kàn lè lọ ni. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá àwọn àlejò, mo kí wọn okun, mo bá wọn mu tíì.

Màmá Florence, ẹ rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà dáadáa. Òdìkejì odò ni mo mú yín gbà. Mo fi àwọn lékeléke hàn yín níbi tí wọ́n ti ń tọ àwọn màlúù lẹ́yìn, mo fi ẹ̀gà hàn yín bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú ìrẹsì Àlí, tí Àlí sì ń fa okùn agolo rẹ̀ kó lè máa dún, kó lè lé wọn. Ó rí wa, ó juwọ́ sí wa. Mo rọra ń rìn kí oòrùn lè yọ sí ibi tí mo fẹ́. Ìgbà tó yá, mo ní kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀ka yẹn. Ẹ gbé awò sójú, ẹ ò fẹ́ gbé e kalẹ̀ mọ́. Benjamin ya fọ́tò títí. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹyẹ onítìjú bẹ́ẹ̀ kò sá fún wa. Mo ní ẹyin rẹ̀ ló wà nítòsí. Ó gbà mí gbọ́, torí kò rò pé ẹni tí òun fọkàn tán lè ṣe irú ẹ̀.

Wọ́n tẹ Baálẹ̀ láago, Baálẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú, wọ́n pe Àlí jáde nínú ìrẹsì. Ó wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Wọ́n sọ fún un pé oko rẹ̀ ti di ti ẹyẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun kórè èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n ní á kórè. Ó dúpẹ́, ó wá ní ẹyẹ náà ya òun lẹ́nu, torí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun kò rí i rí. Mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mo ní ta ló jókòó ti odò láti máa wo ẹyẹ nígbà tí ìrẹsì wà láti jẹ. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

A kúrò létí odò, a gba inú oko kàṣú lọ sórí òkè. Ẹ wo àparò, ẹ wo àtíòro, ẹ wo àwòdì tó ń fò yípo lókè. Mo ti sọ fún ara mi tẹ́lẹ̀ pé màá sá padà lọ tú ẹyẹ náà sílẹ̀. Mi ò lọ. Kì í ṣe pé àyè kò sí, mi ò rántí rẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé mò ń súfèé.

Ìdí igi emi la wà, àwa àti Baálẹ̀ àti àwọn àgbà, à ń jẹun ọ̀sán, nígbà tí Àlí dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti lọ wo ẹyẹ tó sọ pé òun kò rí rí náà. Òkú ẹyẹ ló wà nínú fìlà, okùn ìwọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àtè ti di ìyẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ pọ̀. Okùn ti lọ́ mọ́ gbòǹgbò, omi sì ti gbé e mì. Àlí gbé fìlà náà kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó ní kí wọ́n wò ó, ẹnì kan ló gbé ẹyẹ yìí wá sóko òun. Ó rò pé tí òun bá ti fi òótọ́ hàn wá, á yé wa. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ pé òun ló pa á. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin àgbà yìí ló sọ ọ́, mo mọ onítọ̀hún, ilẹ̀ ló ń wò báyìí. Ó ní Àlí fi àtè mú ẹyẹ náà lẹ́yìn tí a lọ, ó so ó, ó pa á, kí ilẹ̀ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo yín ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí ìrẹsì rẹ̀ ti ń dáa ju tiyín lọ, ẹ sì rí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i mú. Ṣùgbọ́n mi ò lè di ẹrù tèmi rù yín, torí Baálẹ̀ fọwọ́ kan apá ẹyẹ náà, ó ní àtè nìyí, ó ní ọmọ bàbá méjì péré ló mọ̀ ọ́n ṣe, ta ni nínú àwa méjèèjì. Ó kù sí mi lọ́wọ́ nígbà náà. Gbogbo ayé ń wo ẹnu mi.

Mo ní láti àárọ̀ ni mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò, mo ní gbogbo wa la rí ẹyẹ náà láàyè. Àlí ní okùn yẹn ti wọ inú ẹrẹ̀ jinlẹ̀, kì í ṣe okùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù Mùhámmẹ́dù, ó gbé Kùránì dé. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ búra. Mo gba omi, mo ṣe àlùwàlá, mi ò kánjú. Mo fọ ọwọ́ tí mo fi so ẹyẹ náà, mo fọ ẹnu tí mo fẹ́ fi purọ́, mo ṣan ẹsẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo fi Ọlọ́run Ọba búra pé mi ò fọwọ́ kan ẹyẹ náà, mi ò sì mọ ẹni tó so ó. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, mo sì ṣe é dáadáa.

Wọ́n kọjú sí Àlí. Àlí wo àtè tó wà lápá ẹyẹ, ó wo ojú mi. Ó mọ̀. Gbogbo ohun tó kù fún un ni kó gbé ọwọ́ lé Kùránì, òótọ́ ni ì bá sì fi búra. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ibí náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa láti kékeré, pé tí ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá méjì bá jọ búra lórí ọ̀ràn kan, ẹni tó purọ́ nínú wọn kò ní í lo ọdún náà já. Àlí gba ìyẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Mo rí i bó ṣe fẹ́ na ọwọ́, tó sì ká a padà.

Ó ní, "Mi ò ní gbé Kùránì sáàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa mú ilẹ̀ náà lọ."

Bẹ́ẹ̀ nìkan ló wí. Kò sọ pé òun ló pa á. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ ní ẹni tó bá kọ̀ láti búra ti jẹ́wọ́, ẹ gba oko, ẹ gba ìrẹsì tó wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ ti ní kó kórè, ẹ ní kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ etí odò yìí mọ́. Àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e délé, wọ́n ń kígbe Àlí apẹyẹ. Rùmáísà, ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ lo gbé wá fún bàbá rẹ, aṣọ iléèwé girama ṣì wà lọ́rùn rẹ. O rí i bó ṣe ká ọwọ́ kúrò lórí Kùránì, o sì ro ohun tí gbogbo ayé rò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ó wá jà, mo ti mú igi dání lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò wá jà. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mi ò dáhùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Ọmọ mi ti gbà pé òótọ́ ni. Mi ò sì ní sọ fún un pé ẹ̀yin ni, torí tí mo bá sọ ọ́, mo ti búra náà nìyẹn. Ọjọ́ tí irọ́ yìí bá rẹ̀ yín, ẹ má wá bá mi. Rùmáísà ni kẹ́ ẹ sọ fún."

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí mo fi gbọ́ tó dìde, tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù.

Ó kó Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ponyan, ó ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ dáko. Ìdí ebè iṣu ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́. Mo lọ síbẹ̀ láti wẹ òkú rẹ̀, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n, ojú ayé sì ni mo ń ṣe. Sìdíkàt dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọwọ́ tí mo gbé lé Kùránì lórí ọ̀ràn ọkọ òun kò ní kan òkú rẹ̀. Kò bú mi, kò sunkún lójú mi. Mo wọkọ̀ padà, mo sì sọ fún àwọn èèyàn pé obìnrin náà kò ní ẹ̀kọ́.

Ní tèmi, mo jẹ́ kí wọ́n wa iyanrìn ibú mi. Tírélà wọ ibẹ̀, wọ́n gé àwọn igi náà lulẹ̀. Akọ Onítìjú ń yí omi tó kù náà ká fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń wọ abẹ́ ẹ̀ka tí kò sí mọ́. Lọ́jọ́ kan mo dé ibẹ̀, mi ò rí i. Nítorí náà, pátákó tó ní àwòrán rẹ̀ tó wà lẹ́nu géètì yẹn, irọ́ ló ń pa. Màmá Florence, èyí tí ẹ ní ẹ tún rí lọ́dún tó kọjá, tẹ́ ẹ dì mọ́ mi, pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ni, mo sì ní ẹ kú oríire. Ibi tí kò ní ẹyẹ lẹ ń ṣọ́, ibi tó ní in ni mo tà fún àwọn oníyanrìn.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, mi ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan láti fún yín. Tí ẹ bá kórìíra ẹnì kan, ẹ bá a jà ní gbangba, ẹ na ara yín, kí wọ́n là yín. Ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná kí ẹ máa se ìkórìíra yín wọ́ọ́rọ́wọ́ bí mo ṣe sè é. Baálẹ̀, ẹ lè gba oyè olùṣọ́ ẹyẹ tẹ́ ẹ fi mí jẹ padà, ẹ lè lé mi. Lèmọ́mù, mo fi Kùránì búra èké, mo sì lo ọdún já, mo tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lé e, kò sí ohun tó pa mí. Mo wá rí i pé kí n lè máa gbọ́ orúkọ àbúrò mi lẹ́nu yín lójoojúmọ́ ni Ọlọ́run ṣe fi mí sílẹ̀.

Mi ò bẹ Àlí, torí ó ti ní kí n má wá bá òun. Mi ò sì lójú láti bẹ̀ ọ́, Rùmáísà. Tí o kò bá dárí jì mí, mi ò ní fi ẹjọ́ rẹ sùn níbì kankan. Bàbá rẹ kò pa ẹyẹ. Kò pa irọ́. Ó ká ọwọ́ kúrò lórí Kùránì kí n má bàa kú ni, torí mi ló ṣe sọ orúkọ ara rẹ̀ nù, àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ lójú ọmọ tó bí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fún mi, gbogbo yín. Ẹ bọ́ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ọmọ tó ń mú kànnàkànnà, ẹ fi tèmi síbẹ̀. Ọmọ àárọ̀ yẹn ṣì jókòó sẹ́yìn rẹ, Rùmáísà, kànnàkànnà rẹ̀ ṣì wà lápò. Yíjú sí i, kó o tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún un kí n gbọ́. Sọ fún un pé kó má ṣe Ṣùháíbù níbí.